Àgbà Kì í Bẹ̀rẹ̀ Ṣa Agbálùmọ̀

Igi agbálùmọ̀ ilé wa ní Ìgándò kì í jẹ́ kéèyàn sun oorun àsùnwọra nígbà ọyẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, tí atẹ́gùn gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, ẹ ó gbọ́ gbà lórí páànù ilé ìdáná, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń yí gbirigbiri bọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sórí yẹ̀pẹ̀. Ìró yẹn nìkan ló lè jí gbogbo ọmọ inú ilé lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wá. Tí ìyá mi bá ní kí n dìde lọ pọnmi ní kànga, n ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, n ó fa aṣọ ìbora borí. Ṣùgbọ́n tí agbálùmọ̀ bá já, kó tó délẹ̀ mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Múfú ọmọ Àlàájì ti wà níwájú mi, Fúnkẹ́ ọmọ tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìgbà kan wà tí ibà dá Múfú dùbúlẹ̀, tí kò lè mu ògì, tí kò lè gbórí sókè. Gbà kan lórí páànù, ó ti fò dìde lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ ní kò sí oògùn tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, létí ọ̀nà tó ti Ìgándò lọ sí Ìkòtún. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ni olórí ilé, fèrèsé yàrá rẹ̀ ló sì kọjú sí igi. Àlàájì, àkọ́bí rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti Múfú ń gbé apá iwájú. Bàbá mi, tí í ṣe àbúrò Àlàájì, àti ìyá mi àti èmi wà lápá ẹ̀yìn. Àwọn ayálégbé wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́, tíṣà àti ìdílé rẹ̀, tí wọ́n wá láti Èkìtì, sì ni ẹni tuntun láàárín wọn lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ilé náà ní ohùn tirẹ̀ tí n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá Àgbà á ti kírun àsùbáà tán, á ṣì jókòó sórí ẹní, kí tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ tó gbé orin ìsìn òwúrọ̀ wọn. Tí orin náà bá dùn mọ́ ọn, á máa mi orí sí i pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ta-ta-ta-ta, tí okùn kànga á máa dún, tí ọmọ ọlọ àti ìyá ọlọ á máa bá ara wọn jà lórí ata. Tí mo bá di ojú mi nísinsìnyí, mo lè to ìró wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Nígbà yẹn, kò sí ohun tí ọmọdé ní. Aṣọ ọrùn wa, àwọn òbí wa ló rà á, wọ́n sì lè mú un fún ọmọ ìbátan tó wá kí wa láti Ìjẹ̀gùn láìbi wá. Owó tí àlejò bá fún wa, "mú un wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀" ni. Títí dòní olónìí n kò rí tèmi gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Oorun ọ̀sán wa, ẹni tó bá fẹ́ rán wa níṣẹ́ ló ni ín. Ẹran inú ọbẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án títí ẹ̀bà á fi tán nínú àwo, torí wọ́n ní ọmọ tó bá ń kánjú jẹ ẹran, olè ló ń kọ́ yẹn. Bí àgbà bá sì ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ là ń wò. Mi ò ráhùn o. Inú mi dùn nínú ilé yẹn. Kò sígbà tí ebi pa mí débi tí mo sunkún, kò sì sí àgbà kan níbẹ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí débi tí mi ò lè sá tọ̀ ọ́ lọ nígbà tí nǹkan bá ṣe mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fẹ́ràn wa gan-an, wọn kì í sì í bi wá léèrè ohunkóhun.

Àfi lábẹ́ igi agbálùmọ̀. Èyí tó bá wà lórí igi, ti Ìyá Àgbà ni, àmọ́ ta ló ń ká agbálùmọ̀? Èyí tí wọ́n bá fipá já, á kan, oje rẹ̀ á sì lẹ ètè pọ̀. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ló pọ́n, òun ló dùn, òun gan-an sì ni bàbá àgbà fi ṣe ti ọmọdé. Òfin tó fi lélẹ̀ ni pé àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ ṣa agbálùmọ̀ nínú ọgbà yìí. Àgbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á nàró, á na ọwọ́, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan." Ọmọ tó mú un dání lè fún un. Ó sì lè ní rárá. Tó bá ní rárá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ nà án, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fajú ro sí i, ọ̀rọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọnú ilé. Ọmọ onílé, ọmọ ayálégbé, ọmọ àlejò tó wá lo ọjọ́ kan ṣoṣo, bákan náà ni. Àlàájì, tí yóò kàn wúkọ́ lẹ́nu géètì tí a ó ti fọ́nká, yóò dé láti ibi iṣẹ́, yóò dúró níwájú Múfú ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí imú rẹ̀ ń ṣàn, yóò na ọwọ́.

Ìyá Àgbà ló sọ ibi tí òfin náà ti wá fún wa, nígbà tí à ń bá a ṣa ìdọ̀tí inú ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní nígbà tí ọkọ òun wà lọ́mọdé, ó mú ọsàn kan tó já bọ́ nínú ọgbà ẹnì kan, wọ́n sì nà án débi tí kò lè jókòó. Ó ń pariwo pé òun ò jalè, ilẹ̀ lòun ti bá a. Wọ́n ní ìgbà wo lọmọdé di ẹni tó ń ní nǹkan? "Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún ju ẹgba lọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìgbà tó wá di onílé, tí igi tiẹ̀ so, ó ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà nílé òun tí àgbà á máa tọrọ lọ́wọ́ ọmọdé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni á ru igbá ẹ̀ délé." Ó fẹ́ ìyàngbò inú àtẹ dànù, ó ní ká má fi òkúta sínú ìrẹsì òun.

Kò pẹ́ tí tíṣà kó dé tó fi ṣẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń lọ sí ilé ìwé, agbálùmọ̀ ńlá kan tó ń pọ́n yòò sì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Múfú figbe ta. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o! Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀!" Gbogbo ilé jáde. Ọkùnrin náà dúró sójú kan pẹ̀lú agbálùmọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé. Ìyá Àgbà rọra sọ fún un láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ má bínú, tíṣà. Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ dá a padà sílẹ̀ kọ́mọ mú un, kẹ́ ẹ wá tọrọ ẹ̀."

"Kí n tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ta ni, mà?"

"Lọ́wọ́ ọmọ tó bá mú un."

Fúnkẹ́ tirẹ̀ gan-an ló mú un. Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo ibòmíràn kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Fúnkẹ́, mú un wá."

"Ẹ ò tíì sọ pé ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Múfú wí wẹ́rẹ́.

Tíṣà ní ẹ jọ̀ọ́. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ojú rẹ̀ sì tàn débi tí mi ò tíì gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, tíṣà ló wá fẹ́ràn òfin yìí jù nínú ilé. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á tú táì rẹ̀, á wá sábẹ́ igi kó tó jẹun, á na ọwọ́. Nígbà míì wọ́n á fún un, nígbà míì wọ́n á ní rárá, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí yàrá rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo gbọ́ obìnrin kan lórí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé: kí wọ́n jẹun yó, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n rí ìtọ́jú tára wọn ò bá yá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lù wọ́n ní ìlù bàrà. Mò ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí mo ṣe ń bó iṣu. Ni bàbá kan bá pè wọlé, inú ń bí i. "Ẹ̀tọ́ wo lọmọdé ní? Ṣé àwa la máa wá máa kúnlẹ̀ kí wọn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá, ẹ ò tíì rí nǹkan. Èmi ti gbé inú ilé tí àgbà ti ń na ọwọ́ sí ọmọdé, ilé náà kò wó. Àwa ọmọ ibẹ̀ kò ya pòkíì. Lóòótọ́, nígbà tí Múfú kọ́kọ́ mọ̀ pé òun lè ní rárá, ó ń kọ̀ fún gbogbo ayé. Ó ń kó agbálùmọ̀ sábẹ́ ẹní rẹ̀. Ìyá Àgbà kò bá a wí, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ìkamùdù ló jí Múfú láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti gba inú ṣòkòtò rẹ̀, bó ṣe ń fò ló ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ agbálùmọ̀ wá gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó láájò tó o. Mo ti wá mọ ìdí tí inú wa fi ń dùn tá a bá fún wọn. Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n gbà á ni. Èyí nìkan la fún wọn.

Ọdún yẹn ni katakata wá tún ọ̀nà iwájú ilé ṣe. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkòtún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, èrò ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú géètì wa, àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá àti ibi gbogbo ń wá ilẹ̀ rà. A dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a bá ọ̀dà pupa lára igi agbálùmọ̀, wọ́n fi sàmì sí i ní ìwọ̀n àyà àgbàlagbà. Ìyàwó Àlàájì ní ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé igi ló wá, ó fi ẹ̀yìn àdá gbá a wò, ó ní igi náà ò ní ṣòro wó. A sáré lọ bá Ìyá Àgbà. Ó ń yọ ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè.

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni," ló wí. "Ẹ lọ gbálẹ̀."

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Ó dùn mí wọ egungun. A lọ gbálẹ̀, a gbá a mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a jókòó sídìí igi. Fúnkẹ́ ní, "Ṣé kì í ṣe tiwa ni?" Múfú ronú sí i bí adájọ́. Ó ní, "Èyí tó bá já ni tiwa. Igi kì í ṣe tiwa." Mo ní tí kò bá wá sígi mọ́, kí ló máa já? Múfú dìde. A bu omi, a mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, a fi gbogbo agbára wa fọ ọ̀dà náà títí èèpo igi fi ń ṣí. Ọ̀dà kò kúrò lára igi, ó wá kún ọwọ́ wa. Ìyá mi rí ìka mi nígbà tí mo gba àwo oúnjẹ. Ó wò mí, ó wo òde. Ó bu kẹrosíìnì díẹ̀ sórí àkísà, ó ń nu ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe ìpàdé. Iná ti lọ, ooru mú nínú pálọ̀, ni wọ́n bá ní ká gbé àga jáde sábẹ́ igi. Àlàájì wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀, àti ìyá mi àti ìyàwó Àlàájì, Ìyá Àgbà sì wà lórí àpótí rẹ̀. Ó ku Bọ̀dá Gàníyù, àbíkẹ́yìn wọn, tó ń gbé ní Àkówònjo. Bàbá mi ní kí wọ́n máa bá a lọ, tó bá dé wọ́n á sọ fún un. Àlàájì kọ̀. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ilẹ̀ bàbá tiẹ̀ náà ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró. Àwa ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí wọ́n ti ní ká má kúrò, etí wa sì wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni wọ́n ń rán ní omi.

Bọ̀dá Gàníyù dé, Àlàájì sì ṣàlàyé. N kò lè pè é ní ọ̀dájú. Ó ní ọ̀nà ti ń là, ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lè wà níwájú ilé yìí, wọ́n á háyà rẹ̀ kíá. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ kankan nínú ilé yìí fi ilé ìwé sílẹ̀ bí òun ṣe fi í sílẹ̀. Igi yìí nìkan ló dí ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí. Bọ̀dá Gàníyù ní, "Kí la fẹ́ figi ṣe, jàre? Èkó ti ń bọ̀ wá bá wa níbí." Bàbá mi ní ohun tí Àlàájì wí dára, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, òkè ló ń wò, sáàárín ewé. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin lẹ lọ̀la. Èmi ti jẹ tèmi." Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbé ife omi bọ̀ lórí àwo, ọkàn mi sì rẹ̀wẹ̀sì, torí mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

Àlàájì ń sọ bí wọ́n ṣe máa to búlọ́ọ̀kù nígbà tí atẹ́gùn fẹ́. Agbálùmọ̀ kan já. Kò kan páànù, ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ló bọ́ sí. Láìdá ọ̀rọ̀ dúró, Àlàájì bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò nù ún.

Múfú ti la ẹnu, mo rí ọwọ́ Fúnkẹ́ tó bò ó. Àlàájì ṣì ń sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù kó tó rí i pé òun nìkan lòun ń gbọ́. Ìyá Àgbà kàn wúkọ́ díẹ̀. Àlàájì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ara ti ń dara àgbà." Èmi ni ọmọ tó súnmọ́ ọn jù, ó sì fi agbálùmọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ó na ọwọ́, ó fi ohùn àwàdà sí i. "Ó yá, Àṣàkẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró kí n fún un kí wọ́n lè padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Mo gbé àwo omi kalẹ̀. N kò tíì ní rárá fún Àlàájì rí, ì báà jẹ́ lábẹ́ igi.

"Rárá, sà," ni mo wí.

Bọ̀dá Gàníyù ní, "Háà. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà o." Ìyá mi ti dìde láàbọ̀. Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Abẹ́ igi ló wà."

Àlàájì kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò bínú, ṣùgbọ́n àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò fún mi?"

"Ẹ fẹ́ gé e, sà."

"Torí yín náà ni. Ilé ìwé yín ni owó ẹ̀ ń lọ."

"Mo mọ̀, sà. Tẹ́ ẹ bá gé e, kí lẹ máa wá máa tọrọ lọ́wọ́ wa?"

N kò pète rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò rí nǹkan mìíràn lágbàáyé tí Àlàájì lè tọrọ lọ́wọ́ mi. Tíṣà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pa ìwé ìròyìn dé. Àlàájì wò mí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó nà jáde, ó sì rọra gbé e sórí itan.

Ìyá Àgbà kọjú sí Àlàájì, ó pè é ní orúkọ rẹ̀. "Ràsákì, ta ló ní ká dúró de Gàníyù lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi ni, mà."

"O ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Àwọn olórí kan rèé tí a ò pè. Èmi náà jẹ̀bi, torí mo ní kí wọ́n lọ gbálẹ̀." Ó tún wò ó. "Ìgbà tí igi yìí kọ́kọ́ so, ta ni bàbá ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ sí?"

Àlàájì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. "Èmi ni, mà."

"Kí lo fún un lésì?"

"Mo ní rárá."

"Ṣé ó nà ẹ́?"

"Rárá o. Ó gbé mi sí èjìká." Ohùn rẹ̀ yí padà. Èmi ò rí Àlàájì bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tí ó fẹ́ sín tí sísín kò wá. "Ó gbé mi yí ilé ká, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ òun ti mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀." Ó nu ojú, ó yíjú sí ilé ìdáná. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jókòó."

Wọ́n tẹ́ ẹní fún wa láàárín ìpàdé àwọn àgbà. N kò ní purọ́ pé a fọgbọ́n tú ayé ká. Ìtìjú mú wa gan-an, Múfú ń fi ìka fa ilà sílẹ̀. Àlàájì bi wá léèrè bí a ṣe rò pé kí òun ṣe é, nítorí òun gbọ́dọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Fúnkẹ́ béèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ mẹ́ta. Múfú ní ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ ṣófo, wọ́n sì lè na ṣọ́ọ̀bù débẹ̀ kó má kan igi. Bàbá mi dìde lọ fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà nítumọ̀. Ẹ̀ka ńlá kan ṣì wà tó nà bo ibi tí òrùlé máa wà, ẹ̀ka tó ń so jù. Àlàájì ní èyí nìkan ni òun fẹ́ gé, ṣé a gbà? A bá ara wa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ́ díẹ̀. A gbà. Bọ̀dá Gàníyù ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, bí ẹni pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀ àkísà lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ń kó àga wọlé ni mo rí i pé agbálùmọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àlàájì. Kò tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ ní ìdúró, ó fún mi ní kóró rẹ̀ kí n fi ṣeré. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi fa etí mi, àmọ́ kò fà á le. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí." Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀bà mi wá, ẹran sì wà lókè ọbẹ̀. Ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù, kí n tó jẹ òkèlè kankan. Mo bojú wò ó bóyá ìdánwò ni. Kì í ṣe ìdánwò.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Onígbàjámọ̀ ló gba èyí tó súnmọ́ igi, gbogbo ọyẹ́ ló sì ń ráhùn pé agbálùmọ̀ tó ń bọ́ lórí páànù ń gbọ̀n òun lọ́wọ́ nígbà tí abẹ bá wà lórí oníbàárà. Òun náà kọ́ láti na ọwọ́. Àlàájì tọrọ títí ó fi darúgbó, nígbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, tí kò mọ ọmọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ á kọ́kọ́ jáde, ohùn á tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ti lọ báyìí, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Múfú wà lókè òkun, ohun tó kọ́kọ́ ń bi mí tó bá pè ni bóyá igi ti ń já. Èmi ni mo ń gbé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síta, ọ̀kan já bọ́ síbi ẹsẹ̀ mi. Àwọn ọmọ ilé wà ní ilé ìwé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo dúró tì í. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Tóbi, ọmọ àwọn ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Mo ní kó mú agbálùmọ̀ náà, ó mú un. Mo dìde, mo na ọwọ́, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan." Ẹ̀rù bà á. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn, ó ń nà án sí mi kíákíá. Mo ní kó dìde. Mo sọ fún un pé tiẹ̀ ni, pé ó lè fún mi, ó sì lè ní rárá, kò sẹ́ni tó máa nà án.

Ó wo agbálùmọ̀. Ó wò mí. Ó rò ó dáadáa.

"Rárá, mà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Ó ń wo ọwọ́ mi bóyá yóò lọ sókè. Ọwọ́ mi ṣì là sílẹ̀ bí mo ṣe nà án. Ó ki agbálùmọ̀ bọ àpò ṣòkòtò, ó sáré wọlé. Mo padà sórí àga mi lọ́wọ́ òfìfo, mò ń rẹ́rìn-ín débi tí ìyá rẹ̀ fi yọjú láti inú yàrá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Tóbi ṣe?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Agbálùmọ̀ tiẹ̀ ni."